Gbọ̀ngán Ìpàtẹ Kòkó Tí Ó Di Ilé Ẹnì Kan

Àbúrò bàbá mi, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Odode, ni ó ṣẹ̀ mí, ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú Àjíǹde ọdún tó kọjá.

Àwọn bàbá wa ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngán onípákó kan sí Odode, láti máa pàtẹ kòkó wọn fún aráyé wò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí bàbá mi tí ó wọ bàtà. Ó dúró ti kòkó rẹ̀, kò jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e. Nígbà tí ìpàtẹ dáwọ́ dúró, ewúrẹ́ ni ó ń sùn níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, àbúrò bàbá mi ní kí a tú gbọ̀ngán náà, kí a lọ tún un tò ní Atosin fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Ó ní kí n bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ará ìjọ wa wá, àwọn àlejò tí ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó wa náà wá. A tú u, a sì tún un tò sí Atosin; kò sí ẹni tí ó béèrè owó, nítorí ti gbogbo wa ni.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo padà dé Atosin. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sá sí fèrèsé gbọ̀ngán. Wọ́n ti fi pákó tí a kọ ÌPÀTẸ KÒKÓ sí ṣe ilẹ̀kùn ṣáláńgá, wọ́n sì dorí rẹ̀ kodò. Àbúrò bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ilé ta ni èyí?"

Ó ń tayín. "Tèmi ni. Wọlé wá jẹun."

"Ẹ ní ti àwọn àgbẹ̀ ni."

"Ṣé èmi kì í ṣe àgbẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ta ló fi okùn fà yín wá?"

Ká ní ó sọ pé ilé òun ni, à bá wá, bí òun náà yóò ti wá síbi tiwa. Irọ́ ni ó fi gba agbára wa.

Láti ìgbà náà, bí mo bá kọjá, àwọn tí mo bẹ̀ lọ́wẹ̀ a máa kí mi pé, "Láńlọ́ọ̀dù! Yàrá wo ni wọ́n fún yín?" Lóṣù tó kọjá, mo bẹ ọ̀wẹ̀ láti tún afárá wa ṣe. Èmi àti ìyàwó mi nìkan ni a dúró létí odò.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí n dákẹ́, pé bíi bàbá ni ó jẹ́ sí mi. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ó kó jáde, kí ó sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo àwọn tí mo pè pé irọ́ ni òun pa fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ kà á, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí: ṣé ohun tí mo béèrè pọ̀ jù?