Ẹni Tó Dúró Lẹ́nu Kànga

Òórùn tí mo kọ́kọ́ bá pàdé nínú ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ti omi iyọ̀. Ọ̀dà tútù ni, tó pò mọ́ epo dísẹ́ẹ̀lì àti alùbọ́sà tí kúùkù ń dín nísàlẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí, tí kò rí omi tó fẹ̀ ju odò tí à ń fọṣọ létí rẹ̀ lọ títí tó fi parí ilé ìwé ìjọ. Bí Ọlọ́run ṣe gbé irú mi dé orí òkun ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Igi gẹdú ni ọkọ̀ wa ń kó. Bí igi bá wà nínú yàrá ńlá ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí a dé e pa fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń mu atẹ́gùn ibẹ̀ tán, ẹni tó bá kàn wọlé sì lè ṣubú kó tó ké. Nítorí náà la ṣe ń ṣe ìdánrawò bí a ṣe ń yọ ènìyàn níbẹ̀ léraléra. A ó ṣí ìdérí, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ọ̀gá á fi ẹ̀rọ kékeré kan yẹ atẹ́gùn náà wò, kí ẹnì kan tó so okùn mọ́ àyà, kó wọlé. Èmi ni mo fúyẹ́ jù, èmi ni wọ́n sì máa ń fi ṣe òkú. Màá nà gbalaja sísàlẹ̀, wọn á fà mí jáde, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa bi mí bóyá mo rí ọ̀run.

Ọ̀gá wa, ará Filipíìnì kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, a máa yan ẹnì kan pé kó dúró lẹ́nu ihò. Kó dúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá ṣubú, kó pe ènìyàn, kó fa okùn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọlé. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé bó bá jẹ́ ọmọ ìyá mi ńkọ́.

"Pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ ìyá rẹ," ó ní.

Èsì yẹn kò dùn mọ́ mi. Lójú èmi tí ìjọ tọ́, ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ìfẹ́, tí kò sì ní ìgbàgbọ́.

Nígbà tí mo wá lo ìsinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ìyàwó mi ń gbé, ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú débi pé ẹrẹ̀ ni garawa ń bù nínú kànga ọgbà ìjọ wa. Ìjọ pe agbẹ́kànga kan àti àbúrò rẹ̀ láti Ìkòyí-Ilé kí wọ́n wá gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ọkùnrin kúkúrú ni agbẹ́kànga náà, apá rẹ̀ le bí igi, ẹ̀fẹ̀ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Omi díẹ̀ tó kù jìn ju èyí tí pọ́ǹpù lè fà láti òkè lọ, nítorí náà wọ́n ṣe bí àwọn agbẹ́kànga ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa: wọ́n fi okùn sọ pọ́ǹpù tó ń lo bẹntiróòlù kalẹ̀ sínú kànga, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí n tó jáde láti ìpàdé àdúrà àárọ̀, wọ́n ti pa á, wọ́n ti fà á jáde, agbẹ́kànga sì ti ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo gbóòórùn èéfín lẹ́nu kànga.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọ̀la, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́."

"Bọ̀dá Sélọ̀," agbẹ́kànga fi orúkọ tí wọ́n ń pe èmi atukọ̀ pè mí, "èéfín ti jáde. Àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé kànga á rì ni?"

Àwọn ìyá ìjọ tó jókòó ti garawa wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá díákónì tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní ká ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí n má dá iṣẹ́ dúró. Mo wá bẹ agbẹ́kànga pé kó kúkú jẹ́ kí n so okùn mọ́ ọn.

"Ṣé àgbò iléyá ni mí?" Ó wo àbúrò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, nítorí àkàrà tí ìyàwó yín fún wa láàárọ̀ yìí." Ó gbé apá sókè, mo gba okùn ọ̀rá tó nípọn abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, mo ta á ní kókó bí a ṣe ń ta á nínú ọkọ̀.

Ó ń kọrin bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Orin ló kọ́kọ́ dákẹ́. Mo pè é, ó dáhùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Lẹ́yìn náà la gbọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ti ki ẹsẹ̀ kan bọ inú kànga kí n tó dì í mú nídìí bẹ́líìtì.

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Okùn la máa fà."

Gbogbo àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fà á. Okùn gòkè díẹ̀, ó dúró. Èjìká agbẹ́kànga ti há sábẹ́ òkúta kan tó yọ lára ògiri kànga. Àbúrò náà bú sẹ́kún pé kí n jẹ́ kóun lọ yọ ọ́. Ó pè mí ní ojo, ó gé mi jẹ lọ́wọ́. Bàbá díákónì fúnra wọn wò mí, wọ́n ní, "Jẹ́ kó lọ gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Ojú gbogbo ìjọ wà lára mi. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo ké sí wọn pé kí wọ́n dẹ okùn, kí wọ́n bọ́ sí òdìkejì, kí wọ́n tún fà. Wọ́n fà á, ó tún há. Wọ́n dẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì rọra fà á, ó bá tẹ̀ lé wọn.

Ó jáde, ẹrẹ̀ bò ó, ọrùn rẹ̀ rọ bí ti ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ọkọ̀ bàbá díákónì la fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi atẹ́gùn sí i nímú. Nígbà tó lajú, ó ń bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọkọ́ òun.

Àbúrò rẹ̀ kò kí mi níbẹ̀. Mi ò bá a wí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń ro ó pé bí okùn yẹn kò bá wá ńkọ́, ṣé ǹ bá ṣì dì í mú títí? Mi ò mọ̀. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí n mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n wá dúpẹ́ ní ìjọ, àbúrò náà wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó dọ̀bálẹ̀. Kò wojú mi.

"Ìyá wa ní kí n kí yín. Wọ́n ní ọmọ méjì lẹ yọ fún àwọn."

Ó dìde, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ igi. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe jọ ń lọ. Èyí tó jáde nínú kànga ni gbogbo ìjọ ń nawọ́ sí, tí wọ́n ń fọwọ́ kàn, tí wọ́n ń kọrin lé lórí. Kò sẹ́ni tó kọrin fún èkejì, nítorí kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Bí mo bá ń dúpẹ́ lórí omi báyìí, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ.