Ọjọ́ Tí Wọ́n Sun Ilé Rẹ́kọ́ọ̀dù Múfú ní Màkún

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú wa máa ń bi mí pé báwo ni nǹkan ṣe rí ní Ṣàgámù nígbà ìdìbò tó ṣáájú kí àwọn ológun tó tún gba ìjọba lọ́wọ́ alágbádá. Ẹ máa ń retí kí n sọ ti ìwọ́de àti akọni. N óò sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìlú le lákòókò náà. Wàrà inú agolo ti dàwátì, ìrẹsì di ohun tí a ń tò sórí ìlà fún, ọṣẹ ìfọṣọ gan-an di ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n a kì í kú nínú ìyà ká má rẹ́rìn-ín. Bí Sátidé bá dé, àwọn ẹlẹ́rọ sinimá á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìlú, àwọn òṣèré tí a ti ń wò lórí ìtàgé látọjọ́ pípẹ́ á sì máa rìn lára aṣọ náà. Téèpù sinimá náà a máa já. Bó bá ti já, kò sẹ́ni tó ń bínú. A ó máa fúnra wa parí ìtàn náà nínú òkùnkùn, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi rí i so, ìtàn tiwa á ti dùn ju tiwọn lọ.

Orin ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Múfú ni gbogbo Màkún ti ń gbọ́ orin. Ilé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọkùnrin gíga, tí kì í pariwo, tó máa ń fi aṣọ ìlédìí ọmọ rẹ̀ nu rẹ́kọ́ọ̀dù bí ẹni ń nu ojú aláìsàn. Bí jùjú tuntun bá jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bá ń kọjá, yóò pa fújì tó ń lu gbàgàdà, yóò sì fi àpàlà àtijọ́ sí i jẹ́ẹ́jẹ́. Gbohùngbohùn ńlá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, gbogbo ìlú ló ń yá a: àwa Mẹ́tọ́díìsì fún ìkórè, àwọn Mùsùlùmí fún wàásù, ẹgbẹ́ òṣèlú fún ìpolongo.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù náà. Nígbà tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo rí gbohùngbohùn náà lórí mọ́tò àwọn alátakò wa. Mo yà lọ bá a.

"Múfú, ṣé àwọn tó ń bá wa jà lo tún yá ní ẹ̀rọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n Tísà, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yá a. Irin ni o. Kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò wú mi lórí, kò sì bí mi nínú.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ilé ìwé wa ni a ti dìbò. Àwọn àgbẹ̀ ti abúlé wá, àwọn arúgbó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá. Ìbò fún ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ká wa lára jù, nítorí ọmọ àdúgbò wa ló ń du ipò náà. Wọ́n ka ìbò lójú gbogbo wa. Ẹni tiwa fẹ̀yìn àwọn yòókù gbálẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jó kí wọ́n tó kà á tán.

Lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn àpótí sínú mọ́tò ọlọ́pàá, wọ́n ní wọ́n ń kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àkójọ èsì. A tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti ti géètì.

"Ọ̀gá, aṣojú ẹgbẹ́ ni mí," mo sọ fún ọlọ́pàá tó dúró síbẹ̀. "Òfin ní kí n wà nínú ilé yẹn."

"Mọ́mì, mo mọ òfin," ó dá mi lóhùn. Ọmọ Yorùbá ni, kò lè wò mí lójú. "Èmi kọ́ ni mo ní kọ́kọ́rọ́."

A dúró sínú oòrùn. Ìdúró náà ni gbogbo ohun tí a lè ṣe. Lọ́jọ́ kejì, rédíò kéde pé ẹni tiwọn ló wọlé.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wọlé, tí mo kọ́ ní ìwé rí, tó ti di mẹkáníìkì ní Ìntáṣéńjì, oríta márosẹ̀ ìlú wa, ló ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ wá bá mi. A fẹnu kò pé a ó rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, a ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi dá wa lóhùn. A ń kọrin lọ. A ò tíì débẹ̀ tí ọlọ́pàá fi yin tajútajú lù wá. Gbogbo wa tú ká, ojú ń ta wá, ikun ń dà nímú wa. Nígbà tí a tún fi kóra jọ ní Màkún, orin ti tán lẹ́nu wa.

Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti kígbe pé, "Ẹ̀rọ Múfú ni wọ́n fi polongo!"

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a lè mú là ń lẹ̀dí mọ́. Ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ò tó àwọn tó wà lẹ́yìn géètì. Múfú ni ọwọ́ wọn tó.

Mo sáré ṣíwájú wọn, mo na apá mi méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ́kọ́ọ̀dù náà. "Wọlé, gbohùngbohùn kan náà ni àwa náà lò! Ìwọ fúnra rẹ lo gbé e!"

"Ẹ̀gbọ́n Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà," ó wí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá tajútajú ni. "A ò fẹ́ kí nǹkan ṣe yín."

Méjì nínú wọn gbé mi. Wọn ò gbá mi, wọn ò bú mi. "Ẹ má bínú, mà," ni wọ́n ń wí, wọ́n sì gbé mi sí òdìkejì títì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ìkòkò omi kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bá mi gbọn eruku aṣọ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọná sí ilé rẹ́kọ́ọ̀dù náà.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Rẹ́kọ́ọ̀dù ń yọ́, ó ń kán tótó bí ọ̀dà, èéfín rẹ̀ sì dúdú kọjá sísọ. Múfú, tó ti sá jáde sójú títì, kò pariwo. Ó kàn yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ṣé ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ?" Ìyẹn ní ó wà. Ó jókòó sórí bíríkì kan, ó ń wòran bí àwa yòókù.

Ẹgbẹ́ wa gbé ọ̀rọ̀ ìbò lọ sí ilé ẹjọ́. Lọ́yà wa sọ̀rọ̀ títí, adájọ́ ń sún un síwájú. A ṣì ń retí ìdájọ́ nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin ológun, tí ọ̀gágun kan sì kéde pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò sí mọ́. Ẹjọ́ wa kú bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn jó ijó ayọ̀ ní ìgboro. Wọlé náà jó.

Mo lọ kí Múfú ní abúlé Likosi, níbi tó kó lọ, tó ti ń dáko ẹ̀gẹ́. Ó fi àga fún mi, ó bu omi fún mi, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Tísà, ẹ dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ kan. Ìbò tí wọ́n torí rẹ̀ sun ṣọ́ọ̀bù mi, ta ló wá wọlé?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó wọlé, Múfú."

Ó mi orí. 

Ẹ bi mí ohun tí a jèrè. A mọ̀ pé a dìbò, a sì rí i pé tiwa ló pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lójú wa. Ohun tí a pàdánù, àwọn olè kọ́ ló gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ tí a jẹ Múfú ṣì wà lọ́rùn ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n tún fún òṣèlú láyè, mo dìde nípàdé, mo ní kí a yan ìgbìmọ̀ tí yóò lọ bẹ̀ ẹ́. Alága wa, èèyàn dáadáa ni, rọra dá mi lóhùn pé, "Tísà, ẹ jẹ́ ká fi ti àná sílẹ̀. Ìdìbò ń bọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jókòó.