Bí Ìyá Sàlíhù Ṣe Ń Yan Ilé Ìwé Fọ́mọ Lọ́ńdọ̀nù

Wosilat, ìyá Sàlíhù, kò mọ̀wé kà. Àmọ́ láyé tí owó epo bẹ́ sóde, òun làwọn ọmọ Òmù-Àrán tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ̀wé sí pé kó bá àwọn yan ilé ìwé táwọn máa fọmọ àwọn sí nílé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n: ọmọ tó ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ, kí ló fẹ́ dà lọ́la? Ìyá Sàlíhù sì ti gbálẹ̀ ilé ìwé fún ogún ọdún, ó gbà pé òun mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ju tíṣà lọ.

Ọ̀nà tó ń gbà yàn án kò le. Á lọ dúró lẹ́nu géètì lásìkò táwọn ọmọ ilé ìwé bá ń jáde. Bí ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀ fún un, tí obìnrin kúnlẹ̀, ó ti parí, ilé ìwé gidi nìyẹn. Bí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀ bí ewúrẹ́, kò sóhun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ó máa ń sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Lọ́dún 1985, nígbà tí nǹkan ti le koko, mẹ́rin nínú àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù náà ṣì wà nílé ìwé kan tó yàn fún wọn lẹ́yìn ọjà. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà Sàlíhù fúnra rẹ̀ dé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn, ó sì ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní kí ìyá òun yan ilé ìwé fún Asisat, ọmọ òun, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni yóò máa gbé. Inú fọ́tò nìkan ni ìyá àgbà ti rí ọmọ náà rí. Ọjọ́ kejì ló lọ ra bẹ́ẹ̀dì kékeré kan.

Ó lọ sẹ́nu géètì ọ̀hún. Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀. Nítorí pé ti ọmọ tirẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí, ó bi ọ̀kan nínú àwọn tó kúnlẹ̀, Fulera, léèrè ohun tí wọ́n kọ́ lónìí. Kò bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.

“Ìkíni ni, Mà. Ìjọba ò sanwó tíṣà wa, wọ́n ti lọ sóko wọn ní Rore láti oṣù tó kọjá. Hẹ́dímásítà ló ń kọ́ wa bá a ṣe máa kí yín.”

Ara Ìyá Sàlíhù tutù. Ó gba ọ̀dọ̀ Rúùtù lọ, aránṣọ tó máa ń bá a kọ lẹ́tà. Ó ní kó kọ ọ́ sí Sàlíhù pé kó má mú Asisat wá, kó jẹ́ kó kàwé níbi tó wà. Ó dùn ún wọra, ó sì sunkún, kò fi pa mọ́.

Rúùtù dá bírò dúró.

“Ìyá, àwọn mẹ́rin tẹ́ẹ fi síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n kọ̀wé sáwọn òbí wọn náà?”

Ìyá Sàlíhù fi etí ìborùn nu ojú.

“Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má forúkọ mi sí i.”