Ìyanṣẹ́lódì Wa àti Oṣù Mẹ́jọ Dókítà Akínlàjà

Òmìnira ṣì tutù lẹ́nu wa nígbà náà. Òórùn ọ̀dà tuntun ṣì ń jáde lára àwọn ilé Bódìjà, erùpẹ̀ pupa sì ni ọ̀nà Agbowó tí à ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí ni mí ní yunifásítì, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé ta ni akọni tí mo rí nínú gbogbo ìyanṣẹ́lódì tí mo bá wọn ṣe. Ẹ máa ń retí kí n dárúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Olùkọ́ ni akọni tèmi, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ wa rárá.

Dókítà Akínlàjà lorúkọ rẹ̀. Òkè òkun ló ti kàwé. Ó pa kẹ́mísírì àti físíìsì pọ̀ láti fi wádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbé afẹ́fẹ́ kiri inú ara. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò sì fi ìwé tó kà yàn mí jẹ rí. "Bọ̀dá Dìípọ̀" ló ń pè mí, ìbáà jẹ́ níwájú òyìnbó. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n wá wo ìgò kékeré kan tí ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó fa afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde, ohun náà ṣú. Ó dá afẹ́fẹ́ padà, ó pọ́n fòò.

"Ẹ wò ó, Bọ̀dá Dìípọ̀," ó ní. "Ó ń mí."

Ẹnu mi ò lè padé. Ọmọ Ṣakí ni mí, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Orin ìyìn ló bọ́ sí mi lẹ́nu níbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi fọ ohun pupa yẹn mọ́, díẹ̀díẹ̀, tí à ń tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tútù. Òun ni ìwé ìwádìí tí yóò sọ Akínlàjà di ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lé.

Ọdún yẹn gan-an ni ásíìdì dà sí Súlè lọ́wọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Súlè, inú yàrá kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́. Pẹpẹ tí à ń to ìgò sí ti jẹrà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sọ fún àwọn aláṣẹ yunifásítì. Lọ́jọ́ tó wó, ọwọ́ Súlè ló wó lé. Kó tó kúrò ní ọsibítù, wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Inú bí wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: a yanṣẹ́ lódì, kálukú sì kó kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ fún mi, bí àṣà ẹgbẹ́ wa. Kọ́kọ́rọ́ ibi tí ẹ̀rọ yàrá tútù wà náà ń bẹ nínú wọn.

Lọ́jọ́ kẹrin, iná mànàmáná lọ. Ó padà dé o, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kì í dá tan ara rẹ̀, èmi sì ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Bí ooru ṣe mú tó, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ yóò bàjẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo mú kọ́kọ́rọ́ náà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Akínlàjà ní Bódìjà lọ́sàn-án gangan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́.

Ó jókòó ti oúnjẹ, kò jẹ ẹ́. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ síwájú rẹ̀.

"Dókítà, ẹ jẹ́ kí n lọ tan ẹ̀rọ yẹn. Kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà.

"Ṣé wọ́n ti gba Súlè padà?"

"Rárá, sà."

"Kí lẹ wá ń ṣe nílé mi, Bọ̀dá Dìípọ̀?"

Ó wá ti ìwé kan sọ́dọ̀ mi. Olórí ẹ̀ka wa, òyìnbó kan tí kì í pariwo, ló mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ tán, ìfọwọ́sí ló kù: pé Akínlàjà wà níbẹ̀, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé Súlè ló fi àìbìkítà já ìgò lulẹ̀. Bó bá ti fọwọ́ sí i, wọn yóò já ilẹ̀kùn, wọn yóò sì mú ẹnjiníà wá láti ìgboro láti tan ẹ̀rọ náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Mo rí pẹpẹ yẹn," ó ní. "Ẹ̀yin náà rí i. Bí mo bá purọ́ mọ́ Súlè, ta ló máa gba ohun tí mo bá kọ nípa ẹ̀jẹ̀ gbọ́?"

Omi lé ròrò sójú ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù ọkùnrin náà bà mí, irú ẹ̀rù tí í bani nínú ilé Ọlọ́run. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mi, mo padà sí Agbowó níbi tí ẹgbẹ́ ti ń pàdé, mo jẹ́wọ́ ibi tí mo lọ fún wọn. Wọ́n bú mi, ó sì tọ́ sí mi. Nígbà tí mo wá sọ ohun tí mo rí, àwọn tó ti ń kùn pé ká padà sẹ́nu iṣẹ́ dákẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gba Súlè padà, nítorí wọn ò rí ẹlẹ́rìí kankan. Mo ṣí yàrá tútù, òórùn ló pàdé mi. Omi dúdú ló kù nínú àwọn ìgò wa. Mo sunkún bí ọmọdé. Akínlàjà wọlé, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè.

"Ẹ fọwọ́ yín, Bọ̀dá Dìípọ̀. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mi, ká bẹ̀rẹ̀."

Ó lé lọ́dún kan kí ìwé ìwádìí náà tó jáde, àwọn onímọ̀ ayé sì kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ipò ọ̀jọ̀gbọ́n fún ẹlòmíràn, Akínlàjà ò sì dé ipò náà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ bi mí ohun tí a jèrè: Súlè ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó, wọ́n sì fi irin ṣe pẹpẹ wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìròyìn ipò yẹn dé ìpàdé ẹgbẹ́, ẹnì kan ní, "Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá nìyẹn, kí ló kàn wá níbẹ̀?" A rẹ́rìn-ín. Èmi ni akọ̀wé, bírò wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni à bá kọ sí àwọn aláṣẹ, ká sọ pé nítorí tiwa ni iṣẹ́ rẹ̀ fi falẹ̀. Mi ò kọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Akínlàjà pàdé mi lójú ọ̀nà.

"Bọ̀dá Dìípọ̀, ẹ káàárọ̀ o."

Ó fi ọ̀yàyà kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.