Bàbá Ọṣẹ àti Ẹ̀gbin Inú Táǹkì Ìyá Agbẹ̀bí

Nínú gbogbo mẹkáníìkì tí mo ti rí láyé, àbúrò mi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọṣẹ nìkan ló kórìíra ìdọ̀tí. Bó bá tú nọ́ọ̀tù kan, á fọwọ́. Bó bá tú òmíràn, á tún fọwọ́. Ọṣẹ inú àpò rẹ̀ kì í gbẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó lọ máa ṣe alágbàfọ̀, ó ní tóun bá débẹ̀, àwọn gan-an lòun máa kọ́kọ́ fọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ èmi. Mo kàn tú ẹ́ńjìnnì kan palẹ̀ nígbà èwe mi, mo dijú, mo tò ó padà, ó sì ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá Ọṣẹ máa ń jiyàn sí èyí. Ẹ má dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìntì ránṣẹ́ pè é. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan wà lọ́gbà obìnrin náà, aláwọ̀ ewé, tí ìyá ti ń wà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ọkọ̀ ọ̀hún ò dáhùn sí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bínú, ó ní káwọn tó ń ra pàǹtí irin wá gbé e lọ fọ́. Wọ́n jà títí, tìyá-tọmọ wá fẹnu kò: bí ọkọ̀ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì káwọn onípàǹtí tó gbé e sórí ọkọ̀ tiwọn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ títà mọ́. Bí kò bá jáde, ó parí nìyẹn.

Mo tẹ̀ lé Bàbá Ọṣẹ lọ. Yéèpà! Ẹ wá wo ohun táwọn mẹkáníìkì tó débẹ̀ ṣáájú ṣe. Wọ́n fi ọ̀rá búrẹ́dì wé wáyà. Ọ̀kan tilẹ̀ lẹ ṣingọ́ọ̀mù tó ti jẹ mọ́ ojú páìpù tó ń jò, àmì eyín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ kedere.

"Ta ló tutọ́ síbí?" Bàbá Ọṣẹ bèèrè.

"Ẹni tó wá kẹ́yìn ni," ọmọ ìyá fèsì. "Ó ní iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni."

"Iṣẹ́ ọ̀bùn ni! Ẹ bá mi bu omi wá."

Ó fọwọ́. Ó ní kí ìyá wọnú ọkọ̀, kó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí gìrìgìrì, bátìrì lágbára, ṣùgbọ́n kò jí. Ọmọ ní kí wọ́n tún ra púlọ́ọ̀gì míì tó ń ṣáná sí epo. Bàbá Ọṣẹ wò ó bí ẹni rí ìdin nínú ẹran. Ó tú púlọ́ọ̀gì kan, ó gbóòórùn rẹ̀: ó gbẹ táútáú. Ó fi í kan irin, ìyá yí kọ́kọ́rọ́, iná ta pàù.

"Iná wà," ó ní. "Epo ni ò débẹ̀."

Ó ta epo díẹ̀ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ jí, ó húkọ́, ó tún kú.

"Ẹ rí i? Èyí tá a fọwọ́ bọ́ ọ ló jẹ. Fúnra rẹ̀, kò róńjẹ."

Ọkọ̀ yìí kì í lo kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Pọ́ǹpù kan ló ń ti epo bọ̀ láti ẹ̀yìn, àwọn nọ́súùlù kéékèèké á sì fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì bí ìrì. Ihò ẹnu wọn ò tó ojú abẹ́rẹ́. Bàbá Ọṣẹ yọ ọ̀kan, ó tì í bọ ẹnu ìgò, ìyá tún yí kọ́kọ́rọ́. Kàkà kí epo fọ́n, ńṣe ló ń kán tó, tó, tó, bí itọ́ ẹni tó sùn lanu.

"Ẹ jẹ́ á ṣíwọ́ báyìí," ọmọ ní.

"A ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Èmi ni mo ní kó lọ tẹ́tí sí pọ́ǹpù. Èmi lè gbọ́ pọ́ǹpù tó ń ṣàárẹ̀ láti àdúgbò kejì. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ há bíi ti ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Nǹkan kan ló dí i lẹ́nu. Bàbá Ọṣẹ tú asẹ́ epo. Ohun tó jáde ò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Ó dúdú, ó ń fà bí ikun imú, ó sì ń rùn bí ẹyin jíjẹrà tí wọ́n fi bẹntiróòlù sè. Ológbò tó ń sùn lórí ògiri ré lulẹ̀. Ẹyẹ mẹ́ta tó ń fò bọ̀ yí padà lójú ọ̀run. Àbúrò mi sáré lọ sídìí ògiri, ó bì.

Nígbà tó padà, ó rí fọ́nrán funfun nínú ikun ọ̀hún. "Ta ló ki aṣọ sí táǹkì?"

Ìyá sọ̀ kalẹ̀. "Kì í ṣe aṣọ. Báńdéèjì ni. Èmi ni."

"Màámi!"

"Wọ́n ní epo tí wọ́n ń tà nísinsìnyí dọ̀tí. Mo wá fi báńdéèjì sẹ́ ẹ lọ́fun táǹkì. Mo sè é kí n tó lò ó o! Nígbà tí mo fẹ́ yọ ọ́, mi ò rí i mọ́. Mo ní bóyá ó já bọ́ sílẹ̀. Mo fi òmíràn sí i."

"Òmíràn mélòó, Ìyá?"

"Ṣé mo kà á ni?"

Wọ́n tú bátìrì, wọ́n fa gbogbo epo inú táǹkì jáde. Ihò tí géèjì epo ń gbà wọ táǹkì wà nínú búùtù, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá Ọṣẹ ò wọ̀ ọ́. Irin tó fi ń kọ́ ọ ń fa báńdéèjì ya ni. Ọwọ́ tèmi ì bá wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí lọ́jọ́ náà.

"Ẹ sún," ìyá wí. Ó ká apá aṣọ sókè, ó dijú, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká. "Mo ti dì í mú. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀." Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ó ń jáde wọ́ọ́wọ́, dúdú, ó lọ́ bí ìfun.

Ìgbà yẹn gan-an làwọn onípàǹtí wọlé. Ọ̀gá wọn dúró gbọin. "Ẹran lẹ ń pa sínú búùtù ni?"

"Ẹ wá gbé e," ọmọ wí.

"Kí la fẹ́ gbé? Òkú? Kó ba ọkọ̀ wa jẹ́? Ẹ lọ fọ̀ ọ́ ná!" Gbogbo wọn di imú, wọ́n sá jáde sí òpópónà.

Bí ọmọ ṣe di ẹni tó ń bá wa fọ táǹkì nìyẹn. Ó fẹ́ kí wọ́n tètè gbé e lọ, ló ṣe ń ru epo tuntun wá tá a fi ń ṣàn án. Ó ń fọ̀, èébì ń gbé e. Bàbá Ọṣẹ fẹ́ atẹ́gùn gba inú àwọn nọ́súùlù, ó fi asẹ́ tuntun sí i, ó so bátìrì padà. Kò tilẹ̀ rántí fọwọ́ mọ́.

Òórùn ẹ̀gbin náà ti ń lọ. Ọ̀gá onípàǹtí yọjú ní géètì. "Ó ti ṣeé gbé báyìí."

Ìyá yí kọ́kọ́rọ́. Pọ́ǹpù kùn jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó bú ramúramù, páìpù èéfín pọ ìdọ̀tí dúdú kan sára sòkòtò ọmọ.

"Kúrò lọ́nà!" ìyá pariwo sí ọ̀gá onípàǹtí. Ọkùnrin náà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ jáde ní géètì.

Bàbá Ọṣẹ sáré tẹ̀ lé e títí dé òpópónà. "Ìyá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sẹ́ epo mọ́!"

"Tó bá wá dọ̀tí ńkọ́?"

Kò dúró gbọ́ èsì.