Àwọn Aáyán Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Sílẹ̀

Ìró wọn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ṣíììì, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń jáde lára táyà kẹ̀kẹ́, tàbí bí ìgbà tí àgbàlagbà kan bá ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́.

Amúkòkò la ń gbé nígbà náà, èmi, màmá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, nínú yàrá kan ṣoṣo, torí bàbá wa ti jáde láyé. Èbúté Àpápá ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń já ẹrù. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ike ọ̀dà kan wọlé, ó ní òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ló fi ohun tó wà nínú rẹ̀ ta òun lọ́rẹ. Màmá ṣí i, ó sì figbe ta. Aáyán ni, ṣùgbọ́n a kò rí irú rẹ̀ rí ládùúgbò wa. Wọn kò ní ìyẹ́, wọ́n tóbi ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ, wọ́n sì ń dán bíi bàtà tuntun. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á ké.

“Ìwọ ọmọ yìí, aáyán tí à ń lé jáde lo tún wá ń kó wọlé?”

“Màmá, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe aáyán Amúkòkò o. Àlejò ni wọ́n. Ẹ tiẹ̀ kí wọn káàbọ̀.”

“Àlejò rẹ á sùn síta lónìí!”

Wọn kò sùn síta. Ẹ̀gbọ́n mi ta nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu ike náà, ó kó páálí ẹyin sínú rẹ̀ kí wọ́n lè ríbi sá sí, ó sì ń fi èèpo ìbẹ́pẹ àti kárọ́ọ̀tì bọ́ wọn. Ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa, èyí táwọn obìnrin fi ń kun èékánná, sàmì sí ẹ̀yìn èyí tó tóbi jù nínú wọn, ó sì sọ ọ́ ní Ọ̀gá. Ilé-kéwú ni mo ń lọ nígbà yẹn, mo sì ti ka ara mi kún onímọ̀. Kí n tó na ọwọ́ sínú ike náà, màá kọ́kọ́ ka Fátíà, màá fẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. Nígbà tó yá, Ọ̀gá ti ń rìn lápá mi, mo sì ti ń fi í dẹ́rù ba àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi fún wọn lómi o. Mo lè pẹ́ díẹ̀.”

Kò padà mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ sọ pé òun rí i pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan, tí wọ́n ń lọ sí ẹ̀bá ọkọ̀ tó fẹ́ ṣí. Bóyá wọ́n fara pamọ́ sínú ọkọ̀ náà lọ sókè òkun ni o, bóyá omi ló sì gbé wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀. A wá a dé ọsibítù, a wá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, a kò rí i.

Láti ọjọ́ náà ni ike yẹn ti di ti màmá. Kò fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń mí, ọmọ òun náà ń mí. Kò jẹ́ ká fín oògùn kankan nínú yàrá mọ́, ẹ̀fọn sì ń jẹ wá bó ṣe wù ú. Obìnrin yàrá kejì sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀: “Mama Cockroach, how your pikin dem?”

“Wọ́n ní kí n kí ẹ,” màmá á dáhùn. “Wọ́n ní ariwo tìẹ ló pọ̀ jù nínú ilé yìí.”

Ṣùgbọ́n tó bá kírun tán, á fi ìka kan Ọ̀gá lẹ́yìn. Tíyẹn bá ti ké, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, á sì ká ẹní rẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, àbúrò bàbá mi wá láti Ìsẹ́yìn. Ó pe Àáfà tó ń kọ́ mi ní kéwú, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n ṣe fìdáù, àdúà tí à ń ṣe fún òkú, kí gbogbo wa lè sinmi.

“Ta ló kú?” ni màmá bi í.

“Ìyàwó wa, jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa.”

“Ọkọ mi, mo ní ta ló kú? Ohun tó fi sílẹ̀ ṣì ń mí.” Ó gbé ike náà síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kan Ọ̀gá, Ọ̀gá sì ké. Àbúrò bàbá mi gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga.

“Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò níwájú mi!”

Àáfà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tó bá jẹ́ òkú, àforíjìn là ń tọrọ fún un. Tó bá jẹ́ arìnrìn-àjò, àbọ̀ rẹ̀ là ń tọrọ. Ìyá ọmọ ni yóò sọ èyí tí a máa ṣe.” Màmá kàn gbé ike náà padà sí àyè rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tú ká nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a bá Ọ̀gá, ẹni ìkẹyìn nínú àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi kó wálé, tó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká jọ. Màmá fọwọ́ kàn án, kò ké. Ó jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun Aláásárì. Mo rò pé mo lè tù ú nínú. Mo ní, “Màmá, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà. Ẹ wò wọ́n, wọ́n pọ̀.”

Ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, àwọn kéékèèké tí wọ́n bí sínú ike náà lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

“Èwo nínú wọn ló mọ̀ ọ́n?” ló bi mí.

Ó ní kí n lọ pe Àáfà wá.

Àáfà jókòó, ó tẹ́ ọwọ́, ó ní, “Ìyá, èwo ni ká ṣe?” Màmá yíjú sí ike náà. Kó tó sọ̀rọ̀, nǹkan kan ké nínú ike, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbọ́ ọ.

“Àáfà,” ni màmá wí níkẹyìn, “ẹ ṣe é bí Ọlọ́hun bá ṣe mọ̀ ọ́n sí.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni Àáfà ṣe é. Kò pe ẹ̀gbọ́n mi ní òkú, kò sì pè é ní alààyè.

Màmá lo ọdún púpọ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́hun sì mú un lọ ní ìrọ̀rùn. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Àwọn aáyán náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kò mọ màmá pàápàá, síbẹ̀ n kò lè pa wọ́n. Lẹ́yìn ìrun, mo máa ń tọrọ àforíjìn fún bàbá mi, mo sì ń tọrọ rẹ̀ fún màmá mi. Tó bá wá kan ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo máa ń pè. Màá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú Ọlọ́hun láìsọ ohunkóhun, títí apá á fi máa ro mí.