Ohun Tí Wọ́n Rí Nínú Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá ibì kan jókòó sí o, kí n sọ èyí tójú mi rí ní Ìkòsí lẹ́yìn tí mo bí àbíkẹ́yìn mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀, tí ẹni tó bá ní i ládùúgbò wa ń gbé e kọ́ ọrùn bíi ṣéènì. Ṣùgbọ́n títí di òní, tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, ṣe lẹnu mi máa ń là sílẹ̀!

Iṣẹ́ irun ni mo ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ketu, àwọn obìnrin tó ń tajà ní Mile 12 ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Wẹ́dà lọkọ mi, irin ló ń jó pọ̀. Ọmọ mẹ́ta la bí: Ṣèyí, Tósìn, àti Ìbùkún.

Ìbùkún yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ru gan-an lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bí i. Nígbà tí mo bí i tán, ẹ̀jẹ̀ tún ń dà lára mi bí omi ẹ̀rọ. Odindi ọjọ́ méjì ni mi ò fi mọ ibi tí mo wà. Dókítà pe ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó jẹ́ kí n sinmi dáadáa o, pé tí oyún mìíràn bá tètè wọlé, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn á tún rí mi gbà padà.

Ọkọ mi gbọ́. Ó mi orí. Ṣé ẹ mọ ohun tó wá sọ fún mi nígbà tá a délé? Ó ní a ó máa ṣọ́ra. Ká máa ṣọ́ra! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ́kọ, ẹ mọ ibi tí "a ó máa ṣọ́ra" máa ń já sí.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, wá láti Abẹ́òkúta láti wá bá mi wẹ ọmọ. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àwọn ló ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún mi, àwọn ló ń dáná, àwọn ló ń lọ mú Ṣèyí wá láti iléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ family planning létí wọn o! Ojú wọn á kàn yí padà ni. Wọ́n á ní lúùpù tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ máa ń rìn nínú ara títí á fi dé ọkàn, wọ́n á ní ó máa ń tú ilé obìnrin ká. Lọ́jọ́ kan tí nọ́ọ̀sì kan ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí rédíò, ṣe ni wọ́n dìde, wọ́n pa rédíò náà. Mo rò pé torí ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Lèmi náà bá dá ọgbọ́n orí ara mi. Oníbàárà mi kan, Ìyá Rúkà, tó ń ta ata rodo, sọ fún mi níbi tí mo ti ń dìrun fún un pé oògùn oníhóró kan lòun ń lò, ẹyọ kan lójúmọ́. Ó lé lọ́dún mẹ́rin tó ti ń lò ó, kò sóyún, kò síṣòro. Obìnrin náà sì ń dán! Kí ni mo tún ń wá? Mo gba kẹ́míìsì lọ, mo ra tèmi. Ẹni tó tà á fún mi ò béèrè bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi náà ò sọ. Inú ike tí mo ń kó rólà irun sí ni mo fi pamọ́ sí. Ọkọ mi ò mọ̀, Mọ́mì ò mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mo ní àìrí oorun sùn ni, ṣé ọmọ ọwọ́ wà nílé.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń dìrun fún ọmọbìnrin kan, òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ ọ̀tún mi ò dáhùn! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ò jọ Yorùbá, kò jọ òyìnbó. Ọmọbìnrin yẹn figbe ta, ó sáré síta tòun ti irun ìdajì lórí. Wọ́n pe Mọ́mì nílé. Wọ́n dé pẹ̀lú Ìbùkún lẹ́yìn wọn, aládùúgbò wa kan sì fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, obìnrin àgbà kan, wé nǹkan mọ́ mi lápá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Ó wò ó. Ó tún bọ́ sí apá kejì, ó wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ló bá sáré pe dókítà. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi ti ń gbéra, ọ̀rọ̀ sì ti já gaara lẹ́nu mi.

Nọ́ọ̀sì wá béèrè bóyá oògùn kankan wà tí mò ń lò. Mọ́mì ló dúró sí ìgbèrí mi yẹn. Mo ní rárá. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí ikú ń fà lẹ́sẹ̀, irọ́ ló ń pa!

Ó wò mí, ó wo Mọ́mì, ó ní kí Mọ́mì jọ̀ọ́ bá òun ra omi wá. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò jágbe mọ́ mi. Ó ní oògùn yẹn ò burú, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lò ó tó bá wọn lára mu, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru bíi tèmi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Ó ní ká ní mo ń bá a lọ ni, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ yẹn má dìde mọ́. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n mú ọkọ mi dání, ká lè jọ yan èyí tó máa bá mi lára mu.

Mo sọ fún ọkọ mi ní pálọ̀, lójú Mọ́mì. Ó jókòó, ó ní: "Mummy Ṣèyí, ìwọ ì bá kú, mi ò sì ní mọ ohun tó pa ẹ́?"

Mo ní: "Ṣebí ẹ ní ká máa ṣọ́ra."

Mọ́mì ni mo ń retí pé kí wọ́n pariwo. Wọ́n kàn gbé Ìbùkún, wọ́n bọ́ sí yàrá. Wọn ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá pé, ọkọ mi ní géètì kan wà ní Magodo tóun gbọ́dọ̀ gbé dúró lọ́jọ́ yẹn. Ta ló wá ní òun á tẹ̀ lé mi? Mọ́mì! Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò bi wọ́n.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo rí i pé ìjókòó ò rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n fọwọ́ di ìsàlẹ̀ ikùn mú. Mo ní kí ló dé, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè mí, ó rí bí Mọ́mì ṣe ń dìde, ló bá bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní inú ti ń run àwọn fún bí oṣù mélòó kan, àti pé ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ̀jẹ̀? Obìnrin tí nǹkan oṣù ti dá lára ẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn? Nọ́ọ̀sì gbàgbé èmi, ó ní ká tètè lọ ṣe scan ní òdìkejì títì.

Ọkùnrin tó ń ṣe scan fi nǹkan yíyọ̀ pa ikùn Mọ́mì, ó ń ti ẹ̀rọ náà lọ, ó ń tì í bọ̀. Lójijì, ó dúró. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n ẹ̀.

"Mama, ta ló bá yín fi lúùpù sára?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi! Mo ní ọ̀gá, ẹ ti ṣì í o, màmá yìí ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ rárá. Kò jiyàn. Ó yí tẹlifíṣọ̀n náà sọ́dọ̀ wa, ó nawọ́ sí nǹkan funfun kan tó lọ́ bí ejò.

Mo wo Mọ́mì. Wọn ò wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "òun ni."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, tèmi ti ọmọ lẹ́yìn mi!

Níta, lábẹ́ igi kan, Mọ́mì sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ọkọ mi ni ọmọ kẹrin tí wọ́n bí. Ìbí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, bí Ìbùkún ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nọ́ọ̀sì kan ló ràn wọ́n lọ́wọ́, tó fi lúùpù sí wọn lára. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n padà wá yọ ọ́ tó bá yá, ṣùgbọ́n wọ́n gbé obìnrin yẹn lọ sí ìlú mìíràn, Mọ́mì sì ń bẹ̀rù pé táwọn bá lọ bá ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ á délé. Bó ṣe wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún nìyẹn.

Bàbá, ọkọ wọn, ń wá ọmọ sí i. Wọ́n gbé Mọ́mì kiri ilé àgbo, wọ́n gbé wọn kiri orí òkè àdúrà. Mọ́mì mu gbogbo àgbo yẹn, wọ́n gba gbogbo ààwẹ̀ yẹn, wọ́n sì mọ ohun tó wà lára àwọn! Nígbà tó yá, Bàbá fẹ́ ìyàwó mìíràn.

"Mi ò lè bínú," Mọ́mì ní. "Kí ni mo fẹ́ sọ? Bàbá yín kú, kò mọ̀."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Àṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló jẹ́ kí wọ́n pa rédíò.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, dókítà yọ ọ́, wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí àrùn burúkú. Irú lúùpù yẹn ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́. Ṣe làwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ń wá wò ó bí ẹni wo ìran!

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Mọ́mì pe ọmọ wọn jókòó, wọ́n sọ ọ́ fún un fúnra wọn. Ọkọ mi béèrè pé: "Dádì ò mọ̀?" Wọ́n ní kò mọ̀. Ó jáde, ó dúró lẹ́bàá kànga fúngbà pípẹ́. Nígbà tó wọlé, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Kò bú wọn. Ó kàn ní, Mummy Ṣèyí, ọ̀la la jọ ń lọ rí nọ́ọ̀sì.

Òun nìkan ni ọkùnrin lórí bẹ́ǹṣì! Òógùn bò ó. Nọ́ọ̀sì kó gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì: rọ́bà tí ọkùnrin ń wọ̀, oògùn oníhóró, abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, àti lúùpù. Ó ṣàlàyé ìwúlò wọn, ó sọ wàhálà wọn. Ó tún wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó yẹ̀ mí wò, ó wá ya àwọn tí kò yẹ mí sọ́tọ̀. Ọkọ mi bi í bóyá lúùpù lè rìn dé ọkàn. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí, ó ní ibo ló máa gbà!

Lúùpù tí wọ́n fi bàbà wé, èyí tí kò ní oògùn nínú, ni mo mú. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo rí! Ṣùgbọ́n Mọ́mì fúnra wọn ló ní ohun tó wà lára àwọn yẹn ò ṣe àwọn ní nǹkan kan títí àkókò ẹ̀ fi kọjá. Ìkọ̀kọ̀ ló ṣe àwọn.

Mi ò ní tàn yín o. Oṣù àkọ́kọ́, nǹkan oṣù mi pọ̀, inú run mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n ní sùúrù díẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ti rọlẹ̀. Àbúrò mi fi irú ẹ̀ gan-an sára, kò bá a lára mu rárá, wọ́n yọ ọ́, ó sì lọ gba ti abẹ́ awọ apá. Ìyá Rúkà ṣì ń lo oníhóró tiẹ̀, ó ṣì ń dán.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ara mi kì í ṣe ara Ìyá Rúkà. Ẹ má torí pé ó bá ọ̀rẹ́ yín mu kẹ́ ẹ gba kẹ́míìsì lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó yàn. Tí wọ́n bá dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá, ẹ padà lọ! Tí ọkọ yín bá ṣeé bá sọ̀rọ̀, ẹ bá a sọ ọ́.

Mọ́mì ṣì wà láyé, wọ́n wà ní Abẹ́òkúta. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ èyí. Wọ́n ní: "Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fẹ́ràn ọkọ mi."

Mo ti kọ ọ́ o. Ó ku tiyín. Èwo lẹ lò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bímọ? Ṣé ó bá yín lára mu? Ta lẹ fi pamọ́ fún, kí ló sì dé? Ẹ bá mi sọ ọ́ nísàlẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣẹ̀sín.